Ẹ Má Gbé E Sínú Kẹ̀kẹ́: Ìlàlóye Lórí Ìpalára Inú Ọ̀pá Ẹ̀yìn

Fún àwọn ará Palmgrove, Onípánu, Ṣómólú àti Bàrígà

Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí

Ilé ìwòsàn eegun ti Igbóbì kò jìnnà sí wa, ìtòsí yẹn ló sì ń kó wa sí wàhálà. Bí ẹnìkan bá já látorí ilé tí wọ́n ń kọ́, tàbí tí dáńfó gbá èèyàn ní Ìkòròdú Road, ẹni méjì á ki í ní abíyá, ẹnìkan á gbé ẹsẹ̀, wọ́n á ká a sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹni tó ṣì ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lè ti rọ kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Okùn iṣan kan gba àárín eegun ẹ̀yìn kọjá. Òun ló ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí apá, ẹsẹ̀, àpòòtọ̀ àti ìfun. Bí eegun bá ti ṣẹ́, kíká ara lè mú kí eegun náà gé okùn yìí. Eegun a máa so padà. Okùn yìí kì í so bí eegun.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é

1. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, àfi bí iná, omi tàbí ọkọ̀ bá lè pa á níbẹ̀.
2. Ẹ pe 767 tàbí 112. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ dárúkọ ibùdókọ̀ tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì sọ pé ẹ̀yìn tàbí ọrùn ló ti fara pa.
3. Kí ẹnìkan kúnlẹ̀ níhà orí rẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì di orí náà mú kó má mì. Kó má fà á.
4. Ẹ má bọ́ akoto orí rẹ̀. Ẹ má fún un lómi. Ẹ má fi òróró ra á. Ẹ má ní kó dìde ká wò ó.
5. Bí ó bá ń bì, ẹ pọ̀ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: orí, èjìká àti ìbàdí papọ̀, bí ìtì igi.
6. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó tàbí ilẹ̀kùn tó tẹ́jú, kí ẹ gbé e sínú ọkọ̀ tó lè gba ìdùbúlẹ̀ rẹ̀.

A tún un sọ: ẹ má gbé e sínú kẹ̀kẹ́. Ẹ má gbé e jókòó. Ẹ má gbé e pọ̀n.

"Kò ṣẹ̀jẹ̀" kò túmọ̀ sí pé kò ṣe é ní nǹkan. Bí ẹsẹ̀ bá ń jó o wìnnìwìnnì, tí kò mọ̀ ọ́n lára, tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dùn ún, tàbí tí ìtọ̀ jáde láìmọ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ìwé ọlọ́pàá

Ẹ má kọ́kọ́ yà sí àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin ìlera ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Fún ẹni tí ìbọn bà, òfin ọdún 2017 kò béèrè ìwé ọlọ́pàá kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ó ṣe le tó

Bó bá jẹ́ ọrùn ni ìpalára náà wà, apá àti ẹsẹ̀ ló kàn. Bó bá ga lọ́rùn, èémí lè dá. Bó bá jẹ́ àyà tàbí ìbàdí, apá á ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ lè rọ. Ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ìbálòpọ̀ sábà máa ń kàn án. Dókítà ń fi lẹ́tà A dé E wọ̀n ọ́n: A ni ti ẹni tí kò mọ nǹkan kan lára, tí kò sì lè mi nǹkan kan nísàlẹ̀ ibi tó ti fara pa, E ni ti ẹni tí agbára àti ìmọ̀lára rẹ̀ pé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a kì í lè sọ bóyá yóò rìn. Ẹ má san owó fún ẹni tó bá ṣèlérí pé yóò rìn lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, ẹ má sì gbé e sá lọ sọ́dọ̀ àwọn atoegun.

Nílé

Bí ó bá ti ilé ìwòsàn dé, ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán-tòru, kí egbò ibùsùn má bàa jẹ ẹ́. Ẹ máa wo ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹni tó fara pa lọ́rùn tàbí lókè àyà bá ní orí fífọ́ òjijì pẹ̀lú òógùn, ẹ gbé e jókòó, ẹ wò bóyá rọ́bà ìtọ̀ ti dí, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Ìjàǹbá ọkọ̀ ọdún 1997 ṣe Yínká Ayéfẹ́lẹ́ léṣe lọ́pàá ẹ̀yìn. Orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló ti di olórin tí gbogbo wa mọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn ní ìdùbúlẹ̀.