Ṣé lóòótọ́ ni kámẹ́rà díjítà kò ná onífọ́tò ní nǹkan kan?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn oníbàárà fẹ́ràn láti máa sọ fún onífọ́tò báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ ò ra fíìmù mọ́, kí lẹ wá ń gba gbogbo owó yìí sí?" Ẹni tó sọ ọ́ kò ní èèyàn bú. Ohun tó fojú rí ló sọ. Ó rí i pé ẹ tẹ kámẹ́rà nígbà igba, ẹ kò sì pààrọ̀ ohunkóhun nínú rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn onífọ́tò pàápàá ti gbà á gbọ́, wọ́n wá ń dá owó lé iṣẹ́ wọn bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń tà. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká jókòó ṣírò rẹ̀ lónìí, pàápàá fún àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń ya fọ́tò jẹun ní Maiduguri àti àwọn ìlú itòsí rẹ̀ bíi Khaddamari, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Jere.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí fíìmù. Róòlù 35mm tí gbogbo wa mọ̀, àwòrán 36 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà tó lo Yashica Mat, èyí tí a máa ń tẹrí ba wò láti òkè, wọn kì í rí ju 12 lọ lórí róòlù kan. Ká ní ẹ lọ ya ìgbéyàwó, tí ẹ lo róòlù márùn-ún, àwòrán 180 nìyẹn. Ẹ ó ra róòlù, ẹ ó san owó fífọ̀ rẹ̀, ẹ ó sì tún san owó títẹ̀ ẹ́ sórí pépà kí oníbàárà tó rí nǹkan kan yàn. Ìyá ìyàwó tó dijú, ọmọdé tó sáré gba iwájú kọjá, gbogbo wọn lẹ ó san owó lé lórí. Bí oníbàárà bá mú 60, ọrùn yín ni 120 tó kù wà.

Ẹni tó wà ní ìlú kékeré tún ní ti owó ọkọ̀ nínú, ọjọ́ tó máa gbé fíìmù lọ sí ilé ìfọ̀ ní ìgboro àti ọjọ́ tó máa lọ gbà á. Ooru náà ń gba tirẹ̀. Láàárín oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, ooru Maiduguri máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru sì ni ọ̀tá fíìmù.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi kì í jẹ́ ká tẹ kámẹ́rà láìnídìí. Á ní owó ló ń dún yẹn. Lọ́jọ́ kan a ya ìkómọ, ilé ìfọ̀ kan ba róòlù méjì jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, wọ́n sì fi róòlù tuntun méjì tù wá nínú. Róòlù tuntun méjì! Ṣé wọn yóò tún ọmọ bí ni? Ọ̀gá mi dá gbogbo owó padà, ó sì lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọmọ.

Síbẹ̀, fíìmù ní oore tó ń ṣe fún wa. Ọwọ́ onífọ́tò ni négátíìfù máa ń wà, ẹni tó bá fẹ́ òmíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta á padà wá, á sì tún sanwó. (Àwọn àgbà onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí wọ́n ń fi négátíìfù ṣe. Bí ìkan nínú ìbejì bá ti kú, wọ́n á ya èyí tó wà láàyè, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà, ìbejì á sì pé.) Lónìí, oníbàárà á ní kí ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú fóònù òun, ó parí nìyẹn.

Ó yá, díjítà ńkọ́? Iléeṣẹ́ Kodak tó ń ta fíìmù ni Steven Sasson ti ṣe kámẹ́rà díjítà àkọ́kọ́ ní 1975, díjítà yìí náà ló sì wá ba ọjà Kodak jẹ́, tí wọ́n fi lọ sílé ẹjọ́ ní 2012 pé gbèsè ti wọ àwọn lọ́rùn. Nígbà tí Nikon D1 jáde ní 1999, owó rẹ̀ lé ní $5,000. Canon EOS 300D ló já owó náà wálẹ̀ sí nǹkan bíi $900 ní 2003. Nígbà yẹn, dọ́là kan kò ju nǹkan bíi N130 lọ, ìyẹn ni pé kámẹ́rà náà kò tó N120,000. Ní 2024, dọ́là kan ti kọjá N1,500. Kámẹ́rà $900 wá di N1,350,000.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í ṣírò dé rèé. Kámẹ́rà ní iye ìgbà tí a lè tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀rọ inú rẹ̀ tó gbó. Canon 30D tó jáde ní 2006, 100,000 ni iléeṣẹ́ náà dá lé e. Bí kámẹ́rà N1,350,000 bá lè tẹ 100,000, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, N13.50 ti lọ. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ nígbà 1,000 níbi ìgbéyàwó kan ti jẹ N13,500 lára kámẹ́rà kó tó délé. Bẹ́ẹ̀ a kò tíì ka káàdì, bátìrì, kọ̀ǹpútà, àti òru ọjọ́ méjì tí ẹ fi jókòó ń tún àwòrán ṣe. Eruku ọyẹ́ tún wà níbẹ̀, tó ń wọ inú kámẹ́rà bí ẹ bá ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta gbangba.

Iná ọba ńkọ́? Ní oṣù kìíní 2021, àwọn agbésùnmọ̀mí wó àwọn òpó iná tó wá láti Damaturu, Maiduguri sì wà nínú òkùnkùn fún ìgbà pípẹ́. Onífọ́tò tó ń lo díjítà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí jẹnẹrétọ̀, owó epo sì ti lọ sókè gan-an láti oṣù karùn-ún 2023.

Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tó jẹ́ owó ọbẹ̀ wa tẹ́lẹ̀ náà ti dín kù. Polaroid kéde ní 2008 pé àwọn kò ní ṣe fíìmù ojú ẹsẹ̀ mọ́, Fuji náà kéde òpin FP-100C ní 2016. Ṣùgbọ́n kí Fuji tó ṣe ìyẹn, INEC ti ń fi ẹ̀rọ ya ojú olùdìbò fúnra wọn láti 2011, àwọn báńkì sì ń ya tiwọn fún BVN láti 2014.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, n kò ní gba ẹnikẹ́ni tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun nímọ̀ràn pé kó padà sí fíìmù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan nílùú òyìnbó ti ń padà sí i. Bí iṣẹ́ bá ń wọlé déédéé, díjítà ló dínwó jù, nítorí ohun tí oníbàárà yàn nìkan lẹ ó tẹ̀ sórí pépà. Bí iṣẹ́ bá ṣọ̀wọ́n, ẹ háyà kámẹ́rà, ẹ má yáwó rà á. Kí ẹ tó dá owó lé iṣẹ́, ẹ yọ owó tí kámẹ́rà fi ń gbó sọ́tọ̀, ẹ yọ ti epo, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí oníbàárà rí i.

Ẹ sì ra dísìkì méjì. Nígbà tí ìdídò Alau ya ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 2024, omi tó wọ Maiduguri kò bi ilé léèrè bóyá négátíìfù ló wà nínú rẹ̀ tàbí kọ̀ǹpútà. Négátíìfù kì í ní ìkejì, àmọ́ fáìlì lè wà ní Maiduguri, kó tún wà lọ́wọ́ àbúrò yín n'Ílọrin.