Ìyáàfin Child àti Ẹ̀kọ́ Oúnjẹ Sísè Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ oúnjẹ sè ní láti dúró ti ìyá rẹ̀ nídìí ààrò. Níbẹ̀ ni yóò ti máa wo bí epo ti ń gbóná, bí a ti ń da ata sí i, àti bí ọbẹ̀ ti ń ki díẹ̀díẹ̀. Ojú ni a fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí, kì í ṣe etí nìkan. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro púpọ̀ láti kọ́ oúnjẹ sísè nínú ìwé. Ìwé lè wí pé kí a máa ro nǹkan lórí iná títí yóò fi ki, ṣùgbọ́n kò lè fi bí ó ti ń ki han akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé a gbé ìdí ààrò wọ inú yàrá gbogbo ènìyàn. Ètò kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó fi agbára yìí hàn gbangba. Orúkọ rẹ̀ ni The French Chef, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe Ọ̀gá Alásè Ilẹ̀ Faransé. Ìlú Boston ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1963, obìnrin kan tí ń jẹ́ Julia Child ni ó sì ń darí rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Faransé, kò sì mọ oúnjẹ sè títí ó fi lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ, ọdún 1912, ni a bí Julia ní ìlú Pasadena, ní ìpínlẹ̀ California. Ọmọ ọlọ́rọ̀ ni, alásè tí a ń sanwó fún ni ó sì ń gbọ́ oúnjẹ nílé wọn, nítorí náà kò sí ohun tí ó gbé e dé ìdí ààrò. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, ohùn rẹ̀ sì máa ń ròkè bí ẹni ń kọrin. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn amí ìjọba Amẹ́ríkà ní erékùṣù Ceylon, èyí tí a ń pè ní Sri Lanka nísisìyí, àti ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ní Ceylon ni ó ti pàdé Paul Child, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1946. Ní ọdún 1948, ìjọba rán Paul lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Paris, Julia sì bá ọkọ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n ti gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Faransé, wọ́n yà jẹun ní ìlú Rouen, a sì gbé ẹja tí a fi bọ́tà dín síwájú wọn. Adùn ẹja náà kò kúrò lọ́kàn Julia títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti pinnu pé òun yóò mọ ọgbọ́n tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń lò.

Ní ọdún 1949, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè tí ń jẹ́ Le Cordon Bleu ní Paris. Ó ti pé ọmọ ọdún 37 nígbà náà. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti jẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà rí ni ó bá nínú kíláàsì, òun nìkan sì ni obìnrin láàárín wọn. Kò jẹ́ kí ojú tì í. Bí ó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, a tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lákọ̀tun nínú ilé. Lẹ́yìn èyí, ó bá àwọn obìnrin Faransé méjì, Simone Beck àti Louisette Bertholle, dòwò pọ̀ láti kọ ìwé tí yóò kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní oúnjẹ ilẹ̀ Faransé. Ó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Nígbà tí iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ilé-iṣẹ́ tí ó ti ṣèlérí láti tẹ ìwé náà kọ̀ ọ́, wọ́n ní ó gùn jù. Wọn kò sọ ìrètí nù. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Knopf ni ó gbà á níkẹyìn, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1961. Ní ọdún kan náà ni Paul fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, tí tọkọtaya náà fìdí kalẹ̀ sí ìlú Cambridge, nítòsí Boston.

Ó yẹ kí a mọ irú ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ó wà ní Boston nígbà náà. Oríṣi méjì ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà. Oríṣi kìíní ni ti àwọn oníṣòwò, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń polówó ọjà. Oríṣi kejì ni ti gbogbo ènìyàn, tí kì í polówó ọjà, tí ó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọrẹ àwọn tí ń wò ó, ìrànlọ́wọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ti àwọn ẹgbẹ́ afúnni-lówó ni ó fi ń gbé ẹ̀mí ró. Irú kejì yìí ni WGBH, tí ó bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1955. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí ẹni pé èyí kò tó, ní oṣù kẹwàá ọdún 1961 iná jó ilé-iṣẹ́ wọn run. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò pa iṣẹ́ tì. Wọ́n ń yá ibi tí wọ́n bá rí lò, wọ́n sì ń bá ètò wọn lọ.

Nínú ipò yìí ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n pe Julia wá sórí ètò kan tí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé. Ìjókòó àti ọ̀rọ̀ sísọ ni a mọ̀ mọ́ ètò náà. Julia ní tirẹ̀ gbé ààrò kékeré tí ń lo iná mànàmáná wá, ó kó ẹyin àti páànù dání, ó sì dín ẹyin lójú gbogbo ayé. Àwọn tí ó wò ó kò gbàgbé. Ìròyìn wí pé lẹ́tà 27 ni ó dé ilé-iṣẹ́ náà lẹ́yìn ètò yìí, àwọn tí ó kọ ọ́ sì ń béèrè pé kí obìnrin gíga náà tún padà wá. Lónìí, ènìyàn lè fi ojú tín-ín-rín wo lẹ́tà 27, ṣùgbọ́n fún ilé-iṣẹ́ kékeré tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 1962, wọ́n ṣe ètò mẹ́ta fún ìdánwò. Ẹyin díndín ni ti èkínní, àkùkọ tí a fi ọtí wáìnì sè ni ti èkejì, ẹyin tí a lù títí ó fi hó, tí a sì yan kí ó lè wú sókè ni ti ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn fẹ́ ẹ, wọ́n mú ọjọ́ tí ètò náà gan-an yóò bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì, ọdún 1963, The French Chef jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹran màlúù tí a fi wáìnì pupa sè ni Julia kọ́ àwọn ènìyàn lọ́jọ́ náà. Nítorí pé WGBH kò ní ilé mọ́, ilé-ìdáná kan tí ilé-iṣẹ́ oníná mànàmáná ìlú Cambridge fi ń ṣe àfihàn ni wọ́n lò. Russell Morash ni ó ń darí ẹ̀rọ àti àwòrán, Ruth Lockwood sì ni ó ń bá Julia ṣètò iṣẹ́. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹran líle a máa pẹ́ lórí iná tó wákàtí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni ìdajì wákàtí péré ni ètò náà. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n a se oúnjẹ kan náà ní ìkòkò bíi mélòó kan ṣáájú: ọ̀kan ní tútù, ọ̀kan tí ó ti dé ìdajì, ọ̀kan tí ó ti jinná pátápátá. Bí Julia bá ti fi bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ hàn tán, a gbé èyí tí ó ti dé ìdajì síwájú, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé wákàtí ti kọjá. Ruth a máa gbé páálí tí a kọ̀wé sí sókè láti rán an létí ohun tí ó kàn. Paul náà kò jókòó. Òun ni ó ń ru ìkòkò wá, òun ni ó sì ń fọ abọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ẹnìkan bá yẹ̀ nínú wọn, iṣẹ́ náà yóò dàrú.

Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ ètò, a kì í fẹ́ dúró títí yóò fi parí, nítorí pé àtúnṣe àwòrán gbowó lórí. Nítorí èyí, bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, gbogbo ènìyàn ni yóò rí i. Ní ọjọ́ kan, Julia ń yí pòtétò tí ó ń dín padà nínú páànù. Ó jù ú sókè, ṣùgbọ́n kò jù ú tagbáratagbára, apá kan rẹ̀ sì já bọ́ sórí sítóòfù. Kò bo ojú, kò sì tọrọ àforíjì. Ó ṣà á padà sínú páànù, ó sọ ohun tí ó fa àṣìṣe náà, ó ní ìgboyà ni kò tó, ó sì fi kún un pé ẹni tí ó bá dá wà nílé-ìdáná kò ní ẹlẹ́rìí kankan. Ọ̀rọ̀ yìí tàn kálẹ̀ débi pé àwọn ènìyàn bù mọ́ ọn, wọ́n ní odidi adìyẹ ni ó bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ó sì gbé e fún àlejò. Irọ́ ni, pòtétò ni, orí sítóòfù ni ó sì bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn olùwòran rí kọ́ níbẹ̀ ṣe pàtàkì ju pòtétò lọ. Kò sí bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n rìn tó kí orí má mì. Nígbà tí ìyàwó ilé tí ọbẹ̀ rẹ̀ jóná rí i pé olùkọ́ náà ń ṣe àṣìṣe, ó ní ìgboyà láti tún gbìyànjú.

Ohun mìíràn tí ó mú kí àwọn ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé e ni pé Julia kò gbà láti polówó ọjà fún ẹnikẹ́ni. Àwọn oníṣòwò ìbá sanwó fún un kí ó lè wí pé bọ́tà ti àwọn tàbí ìkòkò ti àwọn ni ó dára jù, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ó mọ̀ pé bí olùkọ́ bá gba owó lórí ohun tí ó ń yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Láti Boston, ètò náà tàn dé àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́kọ̀ọ́ káàkiri Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1966, a fún Julia ní ẹ̀bùn Emmy, àwòrán rẹ̀ sì hàn lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Time. Dúdú àti funfun ni àwòrán ètò náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1970 ni ó di aláwọ̀ mèremère. Ọdún náà ni PBS, ẹgbẹ́ tí ó so àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti gbogbo ènìyàn pọ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 1972, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Julia sí ìsàlẹ̀ àwòrán kí àwọn adití lè rí i kà, The French Chef sì ni ètò àkọ́kọ́ tí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún jákèjádò Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1973 ni ètò náà parí.

Julia kò dẹ́kun ìkọ́ni lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2001, ó fi ilé-ìdáná rẹ̀ tòun ti ìkòkò àti tábìlì ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian lọ́rẹ. Ó kú ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ, ọdún 2004, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí ó pé ọmọ ọdún 92. Ọ̀rọ̀ owó tí ó ń dààmú irú ilé-iṣẹ́ tí ó gbé e jáde kò tíì tán. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fagi lé owó tí ó ti yà sọ́tọ̀ fún tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ti gbogbo ènìyàn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké sì tún ní láti wo ojú àwọn olùwòran wọn.

Nínú ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ méjì hàn kedere. Èkínní ni pé kò sí ọjọ́ orí tí ó pẹ́ jù fún ẹ̀kọ́: ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ sísè ní ọmọ ọdún 37 di olùkọ́ orílẹ̀-èdè kan ní ọmọ àádọ́ta ọdún. Èkejì ni pé ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, gbogbo ènìyàn ni ó ń gbé e ró. Bí àwọn díẹ̀ wọ̀nnì kò bá jókòó kọ lẹ́tà, ẹyin tí Julia dín lọ́jọ́ náà ìbá tutù nínú páànù, kò sì sí ẹni tí ìbá rántí rẹ̀.