Ọmọ Tí Wọ́n Hùwà Ìkà Sí: 'Forí Jì Í' Kọ́ Ló Yẹ Kó Ṣáájú



Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí, ìpàdé la sábà máa ń kọ́kọ́ pè. Àwọn àgbà á jókòó sí pálọ̀, wọ́n á ránṣẹ́ sí alfa kó wá ṣe àdúà, ẹni tó fipá bá ọmọ lò pọ̀, tàbí tó ń lù ú ní ìlùkulù, á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á sì ní kí ìyá ọmọ fi ti Ọlọ́hun ṣe. "Àbúrò bàbá rẹ̀ kúkú ni. Ẹ jẹ́ ká bo àṣírí ẹbí." Èmi náà ti jẹ́ alfa tí wọ́n pè sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí. Mo ṣe àdúà, mo gba sàráà, mo lọ sílé. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn wà ní yàrá kejì, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká wo Súrà Yusuf tí ọ̀pọ̀ wa kà ní ilé kéú. Àwọn tó ju ọmọ yẹn sí kànga kì í ṣe àjèjì, ọmọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n. Ànábì Yaqub sunkún títí ojú rẹ̀ fi funfun, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún ọmọ tó ń sunkún pé kò ní sùúrù. Nígbà tí ọba ní kí wọ́n mú Yusuf jáde lẹ́wọ̀n, kò kánjú jáde. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó gé ọwọ́ ara wọn. Ó dárí ji àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tó ṣe é: ó ti dàgbà, agbára ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn náà sì ti fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé aláṣìṣe làwọn. Kò sẹ́ni tó fipá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwa ń gbà á lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́jọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ọgbẹ́ ọkàn kì í ṣẹ̀jẹ̀. Ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé lè tún bẹ̀rẹ̀. Ó lè máa ta jí lóru, kó máa sá fún ilé ẹnì kan, kó kọ̀ láti lọ sí kéú, tàbí kó máa ní inú ń run òun nígbà tí dókítà ò rí àìsàn kankan. Àwọn kan á ní àlùjànnú ló ń dà á láàmú. Àdúà dára, ruqyah sì tọ́ lẹ́sìn: kí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ka Ayatul Kursiyyu, Falaki àti Naasi sí i lórí kó tó sùn. Ṣùgbọ́n kò sí àdúà kankan tó ní kí alfa ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ̀ pé èyí á dun àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan. Kó dùn wọ́n.

Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn tó mọṣẹ́ kò ta ko àdúà. Á jókòó ti ọmọ náà léraléra, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Á kọ́ ọ bó ṣe lè fi ara balẹ̀ nígbà tí àyà rẹ̀ bá ń já, á jẹ́ kó sọ ìtàn náà díẹ̀díẹ̀, ì báà jẹ́ pẹ̀lú àwòrán yíyà tàbí àlọ́, á sì jẹ́ kó yé e pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Á kọ́ òbí náà, torí òbí ni ọmọ ń bá gbélé. Ní Lusaka, lórílẹ̀-èdè Zambia, àwọn ará ìlú tí kì í ṣe dókítà ni wọ́n kọ́ ní irú iṣẹ́ yìí. Ìwádìí lórí ọmọ 257, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2015, fi hàn pé ara tu àwọn tó gba ìtọ́jú náà ju àwọn tó gba ìrànlọ́wọ́ àtẹ̀yìnwá lọ. Kí ló dé tí a ò lè kọ́ àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù wa náà?

Ẹni tó máa ṣe é láàárín wa gbọ́dọ̀ mọ ilé tí ọmọ ti wá. Ọmọ Yorùbá tó dorí kodò níwájú àgbà kò purọ́, ẹ̀kọ́ ilé ló ń lò. Bó bá ní "wọ́n fọwọ́ kàn mí nídìí", ó lè jẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní nìyẹn. A ti kọ́ ọ pé kó má ja àgbà níyàn. Ó yẹ ká fi kún un pé kò sí ìtẹ̀lé àṣẹ ẹ̀dá kankan níbi ẹ̀ṣẹ̀, àti pé àgbà tó bá ní "má sọ fún màmá ẹ", màmá ni kó kọ́kọ́ sọ fún.

Ní ti àṣírí, orúkọ ọmọ ló yẹ ká bò, kì í ṣe àbòsí tí wọ́n ṣe sí i. Ànábì (SAW) kọ́ wa pé ká ran alábòsí pàápàá lọ́wọ́, nípa dídi ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọ̀ràn ìjọba ni ìfipábánilòpọ̀, ẹbí kò láṣẹ láti parí rẹ̀ ní pálọ̀.

Fún àwọn tó wà ní Èkó, Mirabel Centre ti wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà láti ọdún 2013, wọn kì í sì gba owó. Òfin ọdún 2021 ló gbé àjọ DSVA ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà dúró, àwọn náà ń ṣètò olùdámọ̀ràn àti agbẹjọ́rò. Ẹ má dúró de ìpàdé ẹbí kẹ́ ẹ tó lọ, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Ẹ má wẹ ọmọ náà, ẹ má sì fọ aṣọ tó wọ̀. Ẹ kó o sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá, kẹ́ ẹ mú un dání lọ.