Ìsápá: Omi Pupa Ìṣínu àti Kérésìmesì

Ẹbí ilá ni ìsápá, ẹni tó bá sì ti rí òdòdó àwọn méjèèjì lórí ebè kò ní jiyàn. Òdòdó ìsápá pupa rúsúrúsú, àárín rẹ̀ ṣú bí ẹ̀jẹ̀ tó dì, kì í sì í ju ọjọ́ kan lọ tó fi ń rọ. Àwọn ọlọ́jà ń pè é ní ewé sóbò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ewé, kì í sì í ṣe òdòdó gan-an ni a ń mu. Èèpo tó gbé òdòdó dání ni. Bí òdòdó bá ti rọ, èèpo yìí á wú, á ki, á pọ́n roro. Òun ni wọ́n ń já, tí wọ́n ń yọ èso kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n ń sá sóòrùn.

Èyí tó funfun ni àwọn Èkìtì àti Ìgbómìnà ń fi se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Wọ́n á fi káún bọ̀ ọ́, wọ́n á ṣàn án kí kíkan rẹ̀ lè dínkù. Kíkan yẹn gan-an ni ẹni tó ń po sóbò, omi pupa tí à ń mu, ń wá lára èyí tó pupa.

Kíákíá ni wọ́n ń ṣan èyí tó pupa kí iyẹ̀pẹ̀ lè kúrò, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà bá omi tútù lọ. Omi gbígbóná ni wọ́n á dà lé e lórí, pẹ̀lú ata ilẹ̀ gígún, kànáfùrù díẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí à bá dà nù. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á bu ṣúgà sí i, ó di inú fíríìjì.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Àlájì kí àbúrò jẹ́ díákónì. Lọ́dún 2025, ààwẹ̀ wọn pàdé: Rámádánì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, Ọjọ́rú Eléérú, tí ààwẹ̀ àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń bẹ̀rẹ̀, bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè fi jọ́ọ̀gì sóbò kan náà ṣínu. Kò sí ọtí nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí ẹ̀sìn máa ní kó yẹra fún un.

Lọ́dọọdún, Rámádánì máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, nítorí òṣùpá ló ń tẹ̀lé. Oòrùn ni ìsápá ń tẹ̀lé ní tirẹ̀: ìgbà tí ojúmọmọ bá ń kúrú ló ń tanná. Ohun tó wá jẹ́ kó bá ààwẹ̀ pàdé nígbàkigbà ni pé ó ṣeé gbẹ. Àgbẹ̀ Jigawa àti Kano á sá a, oníṣòwò á dì í sínú àpò, á sì wà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Íjíbítì àti Sùdáánì, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní karkade, tó sì wà lára ohun mímu ìṣínu.

Ní Jàmáíkà, wọ́n ti ń gbìn ín ní 1707. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Oṣù Kejìlá ni ìkórè rẹ̀ bọ́ sí níbẹ̀, ó sì di ohun mímu Kérésìmesì. Wọ́n ń pè é ní sorrel, ọ̀pọ̀ wọn sì ń da ọtí rọ́ọ̀mù sí i, àmọ́ wọ́n máa ń bu ti àwọn ọmọdé sọ́tọ̀. Ata ilẹ̀ kò kúrò nínú rẹ̀. Ní ọjà Brixton àti Peckham ní London, ìsápá gbígbẹ kan náà ni ará Jàmáíkà ń rà fún Kérésìmesì, tí ọmọ Yorùbá sì ń rà fún ìṣínu.