Kí Àlàárì Má Baà Di Eérú: Àlàyé Lórí Ètò Àwọ̀ Inú Kámẹ́rà

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí a kọ àpilẹ̀kọ kan, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín máa retí ìwàásù lọ́wọ́ àlùfáà. Ìwàásù yóò wáyé lórí àga ìwàásù ní ọjọ́ ìsìn ìdúpẹ́. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni ètò kan tí ó wà nínú kámẹ́rà ńlá oní-dígítà, irú èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa máa ń gbé kọ́rùn wá sí ayẹyẹ. Nikon ń pe ètò náà ní Picture Control. Canon ń pe tirẹ̀ ní Picture Style. Òun ni ó ń pinnu bí àwọ̀ yóò ti kún tó nínú àwòrán, bí ìmọ́lẹ̀ yóò ti jìnnà sí òjìji tó, àti bí etí ohun gbogbo yóò ti mú tó. Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa rẹ̀ lè pàdánù ohun tí kò ní rí gbà padà mọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa.

Olùkọ́ kan wà tí ó kọ́ wa nígbà èwe wa, abiyamọ tòótọ́, tí ó mọ orúkọ olúkúlùkù wa àti orúkọ àwọn òbí wa. Nígbà tí màmá pé ẹni ọgọ́rin ọdún, àwa ọmọ wọn péjọ láti bá wọn dúpẹ́. Màmá wọ àlàárì, àwọn ọmọ wọn wọ ẹtù, àwọn ọmọ-ọmọ wọ sányán. Àwa ni a gbé kámẹ́rà dání, èyí tí àwọn ọmọ wa fi ta wá lọ́rẹ, a sì ya nǹkan bí igba àwòrán. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, a ti fi kámẹ́rà náà ya ògiri ilé ìsìn àtijọ́ kan, a sì ti yí Picture Control rẹ̀ sí Monochrome, èyí tí í ya àwòrán dúdú-òun-funfun. A pa kámẹ́rà, a tún un tàn ní ọjọ́ kejì, a kò rántí pé kámẹ́rà kì í gbàgbé ohun tí a bá yàn fún un. Nígbà tí a délé tí a tú àwọn àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, àlàárì ti di eérú. Ẹtù di eérú tí ó dúdú díẹ̀, sányán di eérú tí ó mọ́ díẹ̀. A fi ara wa lọ́kàn balẹ̀ pé a óò tún wọn yà ní ọjọ́ mìíràn. Màmá kò rí ọjọ́ mìíràn náà. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn wá béèrè àwòrán aláwọ̀ tí wọn yóò fi sí iwájú ìwé ètò ìsìnkú, a kò ní ẹyọ kan láti fi fún wọn.

Ẹ lè béèrè pé, ṣé ojú wa kò rí i ni? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí a ti ṣe kámẹ́rà náà. Lẹ́yìn lẹ́ǹsì rẹ̀ ni dígí kan wà tí ó dagun. Dígí yìí ń gbé ìmọ́lẹ̀ tí ó bá wọlé lọ sókè, títí yóò fi dé ihò kékeré tí a ń fi ojú kan wò. Ohun tí ojú wa ń rí níbẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ gan-an, pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí kámẹ́rà fẹ́ kọ sílẹ̀. Ìgbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì ni dígí náà yóò gbéra sókè, tí ìmọ́lẹ̀ yóò sì bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀. Nítorí náà, bí a ti ń wò gba inú ihò yẹn, àlàárì ń pọ́n fòò lójú wa, bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà ń kọ eérú sínú káàdì. Ojú ìwòran ẹ̀yìn kámẹ́rà nìkan ni ìbá sọ òtítọ́ fún wa. Oòrùn sì mú púpọ̀ ní ọjọ́ náà, a kò yẹ̀ ẹ́ wò.

Sẹ́ńsọ̀ tí a mẹ́nu kàn yìí kò tilẹ̀ mọ àwọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sórí ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ti pọ̀ tó ni ó lè wọ̀n. Láti lè mọ àwọ̀, a fi asẹ́ wínníwínní bo àwọn ojú náà: nínú mẹ́rin-mẹ́rin, méjì jẹ́ àwọ̀ ewé, ọ̀kan jẹ́ pupa, ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ aró. Bryce Bayer, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, ni ó gbé ètò yìí kalẹ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1976. Kọ̀ǹpútà kékeré inú kámẹ́rà yóò wá fi ojú kan wé èkejì, yóò sì ṣírò àwọ̀ jáde. A rí i pé ohun tí kámẹ́rà kọ́kọ́ kó jọ kì í ṣe àwòrán rárá. Òǹkà lásán ni, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀fọ́, ata àti epo tí a kó jọ sí ìdí ààrò kí a tó dáná. Ẹnì kan ní láti sọ irú ọbẹ̀ tí a fẹ́ sè. Picture Control ni ó ń sọ ọ́.

Ní ayé fíìmù, inú fíìmù tí a bá rà ni ìpinnu yìí wà. Ẹni tí ó bá ra Velvia, tí Fujifilm gbé jáde ní ọdún 1990, mọ̀ pé àwọ̀ tí ó kún dẹ́dẹ́ ni òun rà. Kò sì lè yí i padà títí fíìmù náà yóò fi tán. Kámẹ́rà oní-dígítà gbé agbára yìí lé wa lọ́wọ́ láti orí àwòrán kan dé òmíràn. Canon mú Picture Style wá pẹ̀lú kámẹ́rà EOS 5D ní ọdún 2005. Nikon mú Picture Control wá pẹ̀lú D3 àti D300 ní ọdún 2007.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn orúkọ tí ẹ óò bá nínú rẹ̀. Standard ni ti ojoojúmọ́, tí kò tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì. Neutral ń fi àwọ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, kò sì jẹ́ kí òjìji ki jù. Vivid, tí ó wà nínú Nikon, ń mú kí àwọ̀ máa dán kí ó sì máa kọ mànà. Portrait wà fún ojú ènìyàn: ó ń jẹ́ kí awọ ara rọ̀ lójú. Landscape wà fún ilẹ̀, igi àti ilé. Monochrome ń mú gbogbo àwọ̀ kúrò. Canon ní ọ̀kan tí ó ń jẹ́ Faithful, tí ó ń sapá láti fi àwọ̀ sílẹ̀ bí ó ti rí. Ní ọdún 2014, Nikon fi Flat kún tirẹ̀ nínú D810, fún àwọn tí ó fẹ́ tún àwòrán wọn ṣe dáadáa lẹ́yìn tí wọ́n bá yà á tán.

Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni a tún lè yí àwọn nǹkan díẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Sharpening ni ti mímú etí. Bí ó bá pọ̀ jù, ìlà ojú àwọn àgbà yóò dà bí ẹni pé a fi ọ̀bẹ fà á. Contrast ni ti ìjìnnà ìmọ́lẹ̀ sí òjìji. Saturation ni ti kíkún àwọ̀. Hue ni ti ìhà tí àwọ̀ tẹ̀ sí: nínú Nikon, bí a bá yí i sókè, pupa yóò máa lọ sí àwọ̀ ọsàn, bí a bá yí i sísàlẹ̀, pupa yóò máa lọ sí àwọ̀ àlùkò. Ẹ rí i pé aṣọ ilé-ìwé wa lè yí padà di ti ilé-ìwé mìíràn bí ọwọ́ bá ṣì í!

Ọ̀rọ̀ wá di ti ìdí tí àwòrán màmá kò fi ṣeé tún ṣe. Ọ̀nà méjì ni kámẹ́rà ń gbà kọ àwòrán sílẹ̀. Èkíní ni JPEG, èyí tí í ṣe ọbẹ̀ tí a ti sè tán. Kámẹ́rà yóò fi Picture Control ṣiṣẹ́ lórí òǹkà náà, yóò dín in kù sí ìpele 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò fún un pọ̀ kí ó má baà gba àyè, yóò sì da ìyókù nù. Èkejì ni RAW, tí í ṣe èlò ọbẹ̀ ní tútù. Nínú rẹ̀ ni gbogbo òǹkà sẹ́ńsọ̀ wà, ní ìpele 4,096 tàbí 16,384 nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà. Picture Control tí a yàn kàn jẹ́ àkọsílẹ̀ tí a so mọ́ ọn lára. A lè já a kúrò nínú kọ̀ǹpútà, kí a so òmíràn mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ RAW ni a fi ya màmá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìbá gbà wá láti yí Monochrome sí Portrait, àlàárì ìbá sì padà bọ̀ sípò. JPEG ni a fi yà wọ́n. Ẹyin ni JPEG: bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwòrán dúdú-òun-funfun. Láti ọdún 1968 ni J. D. 'Okhai Ojeikere ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, títí gbogbo ayé fi mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àìsí àwọ̀ ni ó jẹ́ kí ojú wa tẹ̀ lé ọ̀nà tí òǹdìrí là. Àmọ́ ó mọ̀ọ́mọ̀ yàn án ni. Àní nínú Monochrome pàápàá, ìpinnu wà níbẹ̀: bí a bá yan asẹ́ pupa, àlàárì yóò mọ́, ẹtù yóò sì dúdú sí i, bí a bá yan asẹ́ àwọ̀ ewé, àlàárì ni yóò dúdú. Àṣìṣe tiwa ni pé ohun tí a yàn fún ògiri ni a fi ya ènìyàn, láìmọ̀.

Ohun kan tún wà tí ó kàn wá gẹ́gẹ́ bí aláwọ̀ dúdú. Ní ayé fíìmù, àwọn ilé ìfọ̀tò ní Amẹ́ríkà máa ń fi káàdì kan wọn àwọ̀, tí wọ́n ń pè ní Shirley card. Àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni ó wà lórí rẹ̀. Ara rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ bóyá àwọ̀ tọ́. Nítorí náà, ojú ẹni dúdú kì í sábà jáde dáadáa, pàápàá bí òun àti aláwọ̀ funfun bá jọ dúró. Kámẹ́rà òde òní ti sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ewu náà kò tíì tán. Bí ọmọ dúdú bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun nínú oòrùn ọ̀sán, tí a sì gbé Contrast sókè tàbí tí a lo Vivid, ṣẹ́ẹ̀tì náà lè di funfun báláú tí a kò ní rí bọ́tìnnì rẹ̀, kí ojú ọmọ náà sì wọ inú òkùnkùn. Portrait tàbí Neutral ni ó dára jù fún irú rẹ̀, kí a sì fa Contrast wálẹ̀ díẹ̀. Àwọ̀ tí Ọlọ́run fi dá ọmọ náà kì í ṣe àbùkù tí kámẹ́rà ní láti bò mọ́lẹ̀.

Kí ni kí a wá ṣe ní àsìkò ayẹyẹ yìí? Ní alẹ́ tí ó ṣáájú, ẹ yí òkè kámẹ́rà sí P, A tàbí M (Av ni Canon ń pe A), nítorí pé bí ó bá wà ní Auto, kámẹ́rà ni yóò máa yàn fún yín. Ẹ tẹ MENU, ẹ wá Set Picture Control tàbí Picture Style, ẹ fi ojú yín rí orúkọ tí ó wà níbẹ̀. Ẹ yan RAW pẹ̀lú JPEG pọ̀: JPEG ni ẹ óò fi ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ kíákíá, RAW ni ẹ óò fi pamọ́. Lóòótọ́, RAW ń gba àyè púpọ̀. Ẹ mú káàdì kejì dání. Nígbà tí ẹ bá ya àwòrán àkọ́kọ́, ẹ wọ abẹ́ igi tàbí abẹ́ òrùlé, kí ẹ wo ẹ̀yìn kámẹ́rà dáadáa kí ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ. Ìṣẹ́jú kan ni yóò gbà yín.

Àwọn olùkọ́ wa àgbà tí ó kù kò pọ̀ mọ́. Díẹ̀ nínú wọn yóò wá sí ìsìn ìdúpẹ́, nínú aṣọ tí wọ́n fara balẹ̀ yàn nítorí wa. Àwòrán tí a bá yà ní ọjọ́ náà lè jẹ́ èyí tí àwọn ọmọ wọn yóò wá béèrè lọ́wọ́ wa lọ́la. Àwòrán màmá ṣì wà lára ògiri yàrá ìkàwé wa, ní dúdú-òun-funfun. Ẹ̀rín ẹnu wọn hàn kedere níbẹ̀, a sì dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ọmọ-ọmọ wọn kan bá yà kí wa, tí ó sì bi wá léèrè irú aṣọ tí ìyá àgbà wọ̀ ní ọjọ́ náà, ẹnu ni a fi ń sọ fún un pé àlàárì ni.