Bí ìgbéyàwó bá tú kí ìwé Amẹ́ríkà tó pé

"Èmi ni mo mú ẹ wá síbí, èmi náà ni màá dá ẹ padà." Bí tọkọtaya Yorùbá bá ń jà ní Houston tàbí ní Maryland, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tí èkejì ṣì ń retí ìwé, ọ̀rọ̀ yìí kì í pẹ́ jáde. Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí á dákẹ́. Á gba èébú, nígbà mìíràn á gba ìgbátí, á sì máa ka oṣù lórí kàlẹ́ńdà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí halẹ̀ kò mọ òfin. Ẹni tó ń gbọ́ ọ kò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Àìmọ̀ yẹn ló ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì.

Bí ọmọ Amẹ́ríkà bá fẹ́ àjèjì, tó sì bá a tọrọ gíríìn káàdì, ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ ìgbélùú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bí ìgbéyàwó náà kò bá tíì pé ọdún méjì lọ́jọ́ yẹn, káàdì ọlọ́dún méjì ni wọn yóò fún un, èyí tí wọ́n kọ CR1 tàbí CR6 sí lára. Bó bá ti ju ọdún méjì lọ, ti ọlọ́dún mẹ́wàá ló máa gbà. Ẹni tó ní káàdì ọlọ́dún méjì lè ṣiṣẹ́, ó lè rìnrìn àjò, ó lè padà wálé wá sin òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n májẹ̀mú kan wà nídìí rẹ̀: láàárín ọjọ́ 90 tó kẹ́yìn nínú ọdún méjì náà, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní I-751, kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn pé òótọ́ ni àwọn fẹ́ra. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, 750 dọ́là ni owó fọ́ọ̀mù náà. Bí ọjọ́ bá kọjá láìsí fọ́ọ̀mù, ẹ̀tọ́ ìgbélùú yẹn ti dópin nìyẹn, ọ̀rọ̀ sì lè di ti adájọ́ ìwọ̀lú.

Ìfura ló bí òfin yìí. Ní ọdún 1985, Alan Nelson, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ ìwọ̀lú Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ fún àwọn aṣòfin pé nǹkan bí 30 nínú 100 ìgbéyàwó tí wọ́n fi ń tọrọ ìwé ni irú èyí tí àwọn ará wa ń pè ní àréńjì, ìgbéyàwó irọ́ nítorí ìwé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ààrẹ Ronald Reagan buwọ́ lu òfin káàdì ọlọ́dún méjì. Lẹ́yìn náà ló wá hàn pé iye tí wọ́n dá yẹn kò ṣeé gbára lé, torí wọ́n ti ka àwọn tí wọ́n kàn fura sí mọ́ ọn. Iye náà ti di ìtàn, òfin tó bí ṣì wà.

Ìdúró tó tẹ̀ lé fọ́ọ̀mù I-751 gan-an ló ń ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, lẹ́tà tí USCIS, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, fi ń sọ pé fọ́ọ̀mù ti tẹ àwọn lọ́wọ́ ń sún ọjọ́ káàdì síwájú fún oṣù 48. Ọdún mẹ́rin nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí lẹ́tà náà dé lè ti máa lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi kí èsì tó jáde. Ìgbéyàwó mélòó ló lè fara da ọdún mẹ́rin bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ òru, owó ilé, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn àti àna tó ń pè láràárọ̀? Òmíràn á tú. Bó bá tú, kí ni òfin wí?

Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà dáhùn rẹ̀ ní ọdún 1975, ìdáhùn náà ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀: ohun tó wà lọ́kàn tọkọtaya lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ra ni ká wò, bóyá wọ́n pinnu láti jọ kọ́lé ayé wọn. Bí wọ́n ṣe pínyà lẹ́yìn náà lè ran adájọ́ lọ́wọ́ láti mọ èrò ọkàn wọn, ṣùgbọ́n ìpínyà nìkan kò sọ ìgbéyàwó di irọ́. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, ẹni tó ní káàdì ọlọ́dún méjì tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú lè dá fi I-751 ránṣẹ́ láìsí ìbuwọ́lù ẹnì kejì. Fọ́ọ̀mù kan náà ni. Ibi tó máa fi àmì sí lórí rẹ̀ ló yàtọ̀. Kò ní láti dúró de ọjọ́ 90 yẹn, ó lè fi í ránṣẹ́ ṣáájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ti jọ fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀, tí ìkọ̀sílẹ̀ wá dé láàárín ìdúró, ó lè kọ̀wé sí USCIS pé kí wọ́n yí ẹ̀bẹ̀ àpapọ̀ náà padà sí ti òun nìkan. Ọ̀nà yìí ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú fún ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ kú. Ẹni tí wọ́n ń lù tàbí tí wọ́n ń fìyà jẹ, kò pọn dandan kí ó kọ̀wé ìkọ̀sílẹ̀ kí ó tó lò ó.

Fún ẹni tó ń tọrọ nítorí ìkọ̀sílẹ̀, ìkọ̀sílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ parí ní kóòtù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Pé ọkọ ti kó jáde kò tó. Pé lọ́yà ti kọ̀wé kò tó. Ìwé tí adájọ́ fọwọ́ sí ni USCIS máa béèrè. Ní Texas, ẹni tó fẹ́ kọ̀wé gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òun tàbí ẹnì kejì rẹ̀ ti gbé ní ìpínlẹ̀ náà fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn tí wọ́n bá sì ti pẹjọ́, ó kéré tán ọjọ́ 60 gbọ́dọ̀ kọjá kí adájọ́ tó lè tú u ká. Bí ẹnì kejì bá ń fà á, ó lè di ọdún. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ fún ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àtúnṣe pé kó má jókòó de ẹnì kejì kó wá kọ òun. Ẹni tí káàdì ń dópin lọ́rùn rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dé kóòtù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tó wà nílé gidigidi, torí Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú àwọn ìgbéyàwó wọ̀nyí: kóòtù ìforúkọsílẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, ìdána àti aṣọ ẹbí lọ́jọ́ Sátidé. Bí ó bá wá dàrú, ẹbí méjèèjì á pàdé, wọ́n á dá owó orí padà, àgbà á gbàdúrà, gbogbo ènìyàn á gbà pé ó ti parí. Lójú òfin, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe lábẹ́ òfin ìforúkọsílẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u ká ní Nàìjíríà, lábẹ́ òfin ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti ọdún 1970. Kóòtù ìbílẹ̀ kò ní agbára lé e lórí. Bí ìgbéyàwó kò bá sì tíì pé ọdún méjì, lọ́pọ̀ ìgbà a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ kóòtù kí a tó lè pẹjọ́. Àṣẹ àkọ́kọ́ tí adájọ́ bá fún wọn gan-an kò tíì tú u tán. Oṣù mẹ́ta ló máa ń gbà kí ó tó di àṣepé. Nítorí náà, ìyá tó sáré lọ gba ìwé ní kóòtù ìbílẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Chicago, ìfẹ́ ló ṣe é, ṣùgbọ́n ìwé yẹn lè kó ọmọ náà sí wàhálà. Ìwé àdàbọwọ́ burú jù ú lọ, torí òṣìṣẹ́ tó bá rí irọ́ kan yóò ṣiyèméjì sí òótọ́ mẹ́wàá.

Lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, ẹ̀rí ló kù. Àṣà wa kì í ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà máa ń wá àkáǹtì báńkì tí àwọn méjèèjì jọ ní, ilé tí orúkọ méjèèjì wà lórí ìwé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya Yorùbá kì í da owó pọ̀: ọkọ ń san owó ilé, ìyàwó ń ra oúnjẹ, oníkálukú sì ní àkáǹtì tirẹ̀. Ìgbéyàwó gidi ni, ṣùgbọ́n lórí ìwé ó dà bí ilé òfìfo. A ní láti wá ẹ̀rí síbòmíràn: owó orí ìjọba tí wọ́n jọ san, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè dá gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ IRS, àjọ agbowó-orí Amẹ́ríkà, ìwé ìbí ọmọ, ìwé ìlera tí ọ̀kan fi èkejì sí, fọ́ọ̀mù iléèwé àwọn ọmọ, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ìwé ètò ìsọmọlórúkọ, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù láti ìgbà ìfẹ́sọ́nà. Ìbúra àwọn àgbà tó pẹ̀tù sí ìjà wọn náà wúlò. Ìjà tí ẹbí jókòó lé lórí, tí pásítọ̀ tàbí àfáà dá sí, ẹ̀rí ni pé tọkọtaya ni wọ́n, nítorí ẹni tó ra ìgbéyàwó kì í pe ẹbí sí ìpàdé nítorí pé ọkọ kò wálé sùn. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé wọ̀nyí kí ẹ tó jáde nílé, kí ẹ sì fi pamọ́ síbòmíràn.

Bí ẹ bá ti kó jáde, ẹ sọ àdírẹ́sì tuntun fún USCIS láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Òfin ni. Lẹ́tà ìpè tó lọ sí ilé tí ẹ ti kó kúrò, ọwọ́ ẹni tó ń bínú sí yín ló máa bọ́ sí.

Ẹni tí kò tíì gba káàdì kankan ló wà níbi tó le jù. Bí ìkọ̀sílẹ̀ bá parí kí wọ́n tó fún un ní káàdì, ẹ̀bẹ̀ tí ẹnì kejì kọ fún un kú nìyẹn, ẹnì kejì sì lè fa ẹ̀bẹ̀ náà padà nígbàkigbà. Ẹni tó sì ti gba káàdì ọlọ́dún mẹ́wàá, ìkọ̀sílẹ̀ kì í gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí yóò yí padà ni pé ọdún márùn-ún ni yóò dúró kí ó tó lè tọrọ láti di ọmọ onílùú, dípò ọdún mẹ́ta tí ẹni tó ṣì ń gbé pẹ̀lú ọkọ tàbí aya rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà ń dúró.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìhàlẹ̀ yẹn. Ẹnì kejì lè kọ̀ láti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ó lè kọ lẹ́tà ẹ̀sùn. Kò lè dá ẹnikẹ́ni padà sílé. Ìyẹn wà lọ́wọ́ adájọ́. Ẹ̀sùn àréńjì wúwo lóòótọ́: ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún àti owó ìtanràn 250,000 dọ́là ló lè já sí, ẹni tí USCIS bá sì fi ẹ̀rí mú pé ó ṣe é, kò ní lè gba ìwé nípasẹ̀ ìgbéyàwó mìíràn láéláé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fẹ̀sùn náà kanni yẹ kó rántí pé òun náà ló fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni pé ìwé onígbọ̀wọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀, I-864, kì í parí pẹ̀lú ìkọ̀sílẹ̀. Títí ẹni tí wọ́n gbà wọlé yóò fi di ọmọ onílùú, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi pé nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, tàbí tí yóò fi kó kúrò ní Amẹ́ríkà pátápátá, tàbí tí ikú yóò fi dé, kóòtù lè ní kí onígbọ̀wọ́ bọ́ ọ.

Fún ẹni tí wọ́n ń lù, tí wọ́n ń gba páálí rẹ̀ pamọ́, tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́, òfin kan wà láti ọdún 1994 tó jẹ́ kí ó lè tọrọ ìwé fúnra rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú. Ọkùnrin lè lò ó gẹ́gẹ́ bí obìnrin, bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa tilẹ̀ ń tijú láti sọ ọ́. Fọ́ọ̀mù rẹ̀, I-360, kò ní owó fún wọn, òfin kò sì gba USCIS láyè láti sọ fún ẹni tó ń lù wọ́n pé wọ́n kọ ọ́. Bí ìkọ̀sílẹ̀ bá ti wáyé nítorí ìyà náà, wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọdún méjì kọjá.

Ẹ wá lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú, kì í ṣe ẹni tó ń báni kọ fọ́ọ̀mù lẹ́yìn ìsìn. Bí ìyà bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ pe 1-800-799-7233, nọ́ńbà àwọn tó ń ran ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ nílé lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e, wọn kì í sì í gba owó.