Kí Ló Dé Tí Tẹlifíṣọ̀n 40 Íǹṣì Kò Wọ Ihò 40 Íǹṣì?

Àwọn ọmọ kíláàsì mi kan ti gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, "Fọ́tì Íǹṣì" ni wọ́n sì ń pè mí láti ọjọ́ náà. Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rẹ́rìn-ín tán, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ìṣirò mi ti wọ́, torí ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú yín ni yóò ṣe ohun tí mo ṣe yẹn gan-an bí wọ́n bá fún yín ní téèpù lónìí.

Rúùmù dífáídà kan wà nínú pálọ̀ wa. Ẹ mọ irú rẹ̀: kọ́bọ́ọ̀dù onígi tó gba ògiri kan tán, tó ní ibi àwo, ibi ìwé, dúrọ́ọ̀ nísàlẹ̀, àti ihò ńlá kan láàrin fún tẹlifíṣọ̀n. Bàbá tó bí bàbá mi ló kàn án. Káfíńtà ni wọ́n, wọ́n sì ti papòdà kí a tó bí mi, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ nípa wọn kò ju fọ́tò kan àti dífáídà yìí lọ. Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí ẹlòmíì nù ún. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń mú àkísà ní gbogbo àárọ̀ Sátidé.

Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ẹlẹ́yìn ńlá, 21 íǹṣì, ló wà nínú ihò yẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwòrán ojú rẹ̀ sún kì lójijì, ó di ìlà funfun kan ṣoṣo láàrin gíláàsì. Onírédíò àdúgbò wa yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní owó tí a máa ná lé e lórí kò tọ́ sí i mọ́. Dádì ní kò burú, àwọn ti ń tu owó jọ díẹ̀díẹ̀, àwọn á ra èyí tó pẹlẹbẹ kí bọ́ọ̀lù Ife Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bá pè mí. "Ìwọ tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì, wọn ihò yìí, kí o sọ iye íǹṣì tó yẹ kí n rà."

Ohun kan wà tí mo mọ̀, òun gan-an ló sì kó bá mi. Mo mọ̀ pé iye íǹṣì tí wọ́n ń kọ sára páálí tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe fífẹ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe gíga rẹ̀. Láti igun òkè lápá kan sí igun ìsàlẹ̀ lápá kejì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, lórí ojú gíláàsì nìkan. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò mọ èyí. Èmi mọ̀ ọ́n, inú mi sì ń dùn pé mo mọ̀ ọ́n. Mo na téèpù láti igun ihò dé igun kejì: íǹṣì 40 ó lé, ó kù díẹ̀ kó pé 41. Mo ní, "Dádì, ẹ ra 40. Á wọlé, àyè á tún ṣẹ́kù." N kò tilẹ̀ wọn fífẹ̀.

Wọ́n ra 40. Wọ́n kọ ọ́ gbàgàdà sórí rìsíìtì pé ọjà tí àwọn bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà. A tú páálí, èmi àti Dádì gbé e, ó dé ẹnu ihò, ó kọ̀. A yí i sọ́tùn-ún, a yí i sósì, ó kọ̀. Dádì wo ojú mi, wọn ò sọ̀rọ̀. Ó dùn mí ju kí wọ́n nà mí lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó mú bébà. Pythagoras tí a kọ́ ní JSS náà ni, kò le rárá. Ìlà tí wọ́n ń wọ̀n láti igun dé igun yẹn pín ojú tẹlifíṣọ̀n sí onígun mẹ́ta méjì. Ẹ sọ fífẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gíga, ẹ ro méjèèjì pọ̀: iye tí ẹ bá rí ni ìlà igun náà lọ́nà ara rẹ̀. Ihò wa fẹ̀ ní íǹṣì 33, ó ga ní 24. 33 lọ́nà 33 jẹ́ 1,089. 24 lọ́nà 24 jẹ́ 576. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 1,665, nọ́ńbà tí a máa fi lọ́nà ara rẹ̀ kó tó fún wa ní iye yẹn sì ni 40.8. Téèpù mi ò purọ́ o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé oríṣiríṣi onígun mẹ́rin ló lè ní ìlà igun kan náà. Ẹ fi ìgbálẹ̀ kan sílẹ̀ lórí ilẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya onígun mẹ́rin tí orí àti ìdí ìgbálẹ̀ náà máa kan igun méjì rẹ̀. Ẹ lè ya èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yíká. Ẹ tún lè ya èyí tó gùn gbọọrọ tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìgbálẹ̀ kò gùn sí i, kò sì kúrú, ìrísí ló yí padà.

Ìrísí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ jẹ́ 4 sí 3: bí fífẹ̀ bá jẹ́ ìpín 4, gíga á jẹ́ ìpín 3, ìlà igun á sì jẹ́ ìpín 5 géérégé. (3-4-5 tí ọ̀gá wa fẹ́ràn láti máa fi dán wa wò nìyẹn.) 21 tí a bá pín sí 5 jẹ́ 4.2, nítorí náà fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 16.8, gíga rẹ̀ jẹ́ 12.6. Ṣùgbọ́n ti òde òní jẹ́ 16 sí 9. 16 lọ́nà 16 jẹ́ 256, 9 lọ́nà 9 jẹ́ 81, àpapọ̀ 337, ìlà igun sì jẹ́ bíi 18.36. Ẹ pín 40 sí 18.36, ẹ ó rí 2.18. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 16, fífẹ̀ rèé: 34.9. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 9, gíga rèé: 19.6. Ihò 33, gíláàsì 34.9! Mo wọn férémù rẹ̀ mọ́ ọn, ó di 35 àti ààbọ̀. Lókè, ó lé ní íǹṣì 3 tó ṣófo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, íǹṣì 2 àti ààbọ̀ kò sí.

Ká ní wọ́n ṣe 40 íǹṣì ní ìrísí ti àtijọ́ ni, gíláàsì rẹ̀ á fẹ̀ ní 32, á ga ní 24, á sì bá ihò Bàbá Àgbà mu bí ìdérí ṣe ń bá ìkòkò mu. Tẹlifíṣọ̀n ìgbà wọn ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Kódà nígbà tí a gbé èyí tó bàjẹ́ kúrò, a rí i tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára igi lẹ́yìn: 33 × 24 × 22. Mo ti ń fi téèpù wọn ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún mi. Ìyá Àgbà ní nígbà tí wọ́n ń kàn án, tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ní kò tó ìdajì ihò náà, àmọ́ wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n á máa dàgbà. Ó dàgbà lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ ló kàn gbà dàgbà. 22 tó kẹ́yìn yẹn ni jíjìn ihò náà sínú, torí iná tó ń ya àwòrán sójú gíláàsì àtijọ́ máa ń ti ẹ̀yìn wá ni, ó sì nílò àyè kó tó lè tàn dé gbogbo igun. Ti ìsinsìnyí kò nípọn tó íǹṣì 4.

Ẹni tó bá fẹ́ gé ìṣirò kúrú, èyí ni kó há sórí: fún tẹlifíṣọ̀n òde òní, iye íǹṣì lọ́nà 0.87 ni fífẹ̀, lọ́nà 0.49 ni gíga. Ẹ fi férémù bí íǹṣì kan kún un. Fún ihò tiwa, 32 ló yẹ kí n sọ. Á fẹ̀ ní bíi 29 pẹ̀lú férémù, á sì ku íǹṣì 2 lọ́tùn-ún, 2 lósì, kí ooru ẹ̀yìn rẹ̀ lè rí ibi gbà jáde. Ẹ má gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ tuntun yìí ló ní ẹsẹ̀ méjì tó jìnnà síra ní ìkangun méjèèjì, kì í ṣe ẹyọ kan láàrin, bí pákó tó máa dúró lé kò bá gùn tó, àbùṣe bùṣe. Àti pé 32 kò tóbi tó bí ẹ ṣe rò: gíga rẹ̀ jẹ́ 15.7, ti 21 àtijọ́ jẹ́ 12.6. Íǹṣì 3 péré ni wọ́n fi jura wọn lọ ní gíga, fífẹ̀ ló kó gbogbo ìyókù.

Àmọ́ 40 ti wà nílẹ̀ ní tiwa. Ọ̀dọ́mọkùnrin káfíńtà kan ní àdúgbò wá wò ó, ó ní kí a jẹ́ kí òun fi ayùn yọ pákó ẹ̀gbẹ́ kan kúrò, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Dádì fẹ́ gbà. Ìyá Àgbà gbé àga wọn síwájú dífáídà, wọ́n jókòó, wọ́n wò mí. "Àkànjí, ṣé torí ìṣirò tìrẹ ni wọ́n ṣe fẹ́ gé igi ọkọ mi?" Mo dọ̀bálẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ká tilẹ̀ fi ti Ìyá Àgbà sílẹ̀, pákó ẹ̀gbẹ́ yẹn ló gbé gbogbo àwo tó wà lókè dúró. Bí wọ́n bá yọ ọ́, òkè á tẹ̀ wálẹ̀.

Àǹtí mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló yọ wá. Wọ́n pe Ìyá Àgbà lórí fídíò lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n gbọ́ ẹjọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní aládùúgbò àwọn kan, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, ní irú ọkọ̀ ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ nínú, tí wọ́n fi ń rìnrìn àjò káàkiri. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ti pẹ́, ihò tẹlifíṣọ̀n máa ń wà lókè orí dírẹ́bà, ó jìn wọnú, ó sì ṣe é fún ìrísí 4 sí 3, wàhálà tiwa gan-an. Àwọn tó bá fẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó tóbi kì í tì í wọ inú ihò. Iwájú ihò ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí, lórí apá irin tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, wọ́n á sì fi ihò ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ibi ìkẹ́rùsí. Tiwọn tún le ju tiwa lọ, torí ọkọ̀ ń sáré: apá irin náà gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń dè é pinpin kí ó má baà fì lu ẹnì kan, kò sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé ibi tí dírẹ́bà á fi orí gbá a.

Ohun tí a ṣe náà nìyẹn. Káfíńtà kò lo ayùn lára dífáídà rárá. Ó mú pákó kan tó nípọn ní íǹṣì 2, ó gbé e dábùú ihò náà nítòsí ẹnu rẹ̀, ó fi irin onígun àti síkúrù dè é mọ́ pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Púláì tó wà lẹ́yìn dífáídà kò lè gbé nǹkan kan, ẹ má dán an wò. Háńgà elépá la kàn mọ́ pákó tuntun náà. Owó bàtà tí mo ń fi pamọ́ ni mo fi ra háńgà yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ihò síkúrù mẹ́rin ló wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, VESA ni wọ́n ń pe ìlànà rẹ̀, mìlímítà 200 sí 200 ni tiwa. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ra háńgà, torí kì í ṣe gbogbo háńgà ló bá gbogbo ihò mu.

Ẹ̀yin tó ń ṣe Físíìsì, ibí ni mómẹ́ǹtì ti wọlé. Tẹlifíṣọ̀n wa jẹ́ kílò 7, àtijọ́ lé ní 20, nítorí náà ìwúwo kọ́ ni ìṣòro. Ṣùgbọ́n ẹ gbé garawa omi, kí ẹ wá na apá yín síwájú. Bí a bá fa tẹlifíṣọ̀n náà jáde tó mítà 0.3, níútọ̀n 70 lọ́nà 0.3 jẹ́ 21, síkúrù òkè ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi kan orí dífáídà fúnra rẹ̀ mọ́ ògiri kí a tó gbé nǹkan kọ́ rárá.

Àṣìṣe kejì ṣì wà, kékeré ni. Mo gbé dikódà sínú ihò ẹ̀yìn, rìmóòtù ò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Iná rìmóòtù, tí ojú wa kò rí, kì í gba inú tẹlifíṣọ̀n kọjá. Dikódà ti wà nísàlẹ̀ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Inú ihò náà ti di ti Ìyá Àgbà, bísíkíìtì wọn ni wọ́n ń kó síbẹ̀, àwọn nìkan ló sì ń fa apá irin náà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ ra tuntun sínú dífáídà ilé wọn, kó wá bá mi nígbà bíréèkì, ọ̀fẹ́ ni. Fífẹ̀, gíga àti jíjìn ni kó kọ wá. Kó má mú ti igun wá fún mi.